Fífọ́ Àpáta Nítorí Gáàsì: Èrè Ta Ni, Gbèsè Ta Ni?

Ní ìpàdé tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tó ń ta aṣọ bi wá ní ìbéèrè kan tí a kò rí àyè dáhùn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ní lọ́dún 2015, nígbà tí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kò jáde, tí àwọn olùkọ́ tó ra aṣọ àwìn lọ́wọ́ òun kò rówó san, gbogbo ènìyàn ń sọ pé epo rọ̀bì ló já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé. Òun wá ń béèrè pé, ta ló já a wálẹ̀? Ìbéèrè gidi nìyẹn. Apá kan ìdáhùn rẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nínú iṣẹ́ kan tí àwọn òyìnbó ń pè ní fracking. Àwa ó máa pè é ní fífọ́ àpáta.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi owó bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ló ti kàn wá. Lọ́dún 2010, Amẹ́ríkà ń ra epo rọ̀bì tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àgbá lójúmọ́ lọ́wọ́ Nàìjíríà. Àwọn ni oníbàárà wa tó tóbi jù nígbà náà. Nígbà tó fi máa di oṣù Keje ọdún 2014, wọn kò ra àgbá kan ṣoṣo lóṣù náà. Oníbàárà ti gbẹ́ kànga sí ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀. Epo tó ń jáde láti inú àpáta Texas àti North Dakota jọ tiwa, ó fúyẹ́, ó sì mọ́, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tiwa ni wọ́n kọ́kọ́ pa tì. Àgbá epo kan ju 110 dọ́là lọ ní oṣù Kẹfà 2014. Nígbà tó di oṣù Kìíní 2016, ó ti wá sísàlẹ̀ 30 dọ́là. A kò sọ pé fífọ́ àpáta nìkan ló fà á o. Àwọn orílẹ̀-èdè OPEC náà kọ̀ láti dín epo tí wọ́n ń fà kù ní oṣù Kọkànlá 2014. Ṣùgbọ́n bí ọjà tuntun bá ń ya wọ ìsọ̀ láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò retí, iye rẹ̀ kò lè dúró. Ìjọba ìpínlẹ̀ púpọ̀ jẹ òṣìṣẹ́ lówó oṣù, débi pé ìjọba àpapọ̀ ní láti gbé owó ìrànlọ́wọ́ kalẹ̀ fún wọn ní oṣù Keje 2015. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí owó tí à ń dá lóṣooṣù ṣe rí lọ́dún náà, ẹ kò ní gbàgbé.

Kí wá ni iṣẹ́ náà? Àwọn kan rò pé epo àti gáàsì wà nínú adágún ńlá kan lábẹ́ ilẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ihò wẹ́wẹ́ ara òkúta ló ń wà, bí omi ṣe ń wà nínú kànìnkànìn. Níbi tí àwọn ihò náà bá ti já síra wọn, tí ẹnì kan bá gbẹ́ kànga débẹ̀, epo á ru jáde fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n òkúta mìíràn wà, amọ̀ àtijọ́ tó ti le gbagidi, tó to lé ara wọn pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, tí ihò rẹ̀ kò já síra wọn. Gáàsì wà nínú rẹ̀, kò rọ́nà jáde ni. Ó dà bí ẹ̀pà nínú èèpo: ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́, á kọ́kọ́ pa á.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń pa á. Wọ́n á gbẹ́ kànga tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ tààrà sísàlẹ̀, kìlómítà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá ti dé inú àpáta náà, ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ ẹ á yí orí padà, á wá máa gbẹ́ ẹ lọ gbọọrọ ní ìbú, bíi kìlómítà kan sí mẹ́ta. Wọ́n á ki páìpù irin bọ̀ ọ́, wọ́n á sì da símẹ́ńtì sí àárín páìpù àti ara ilẹ̀. Ẹ fi símẹ́ńtì yẹn sọ́kàn, a ó padà bá a. Lẹ́yìn náà, wọ́n á dá ihò sára páìpù níbi tó wà nínú àpáta, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ alágbára ti omi wọlé pẹ̀lú iyanrìn àti kẹ́míkà. Agbára omi á sán àpáta náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, iyanrìn á há sí ojú ibi tó sán kó má baà padé mọ́, gáàsì á sì máa bá ọ̀nà yẹn jáde wá sókè.

Àwọn ilé iṣẹ́ máa ń sọ pé omi àti iyanrìn ló kó nǹkan bí 99 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n ń tì wọlé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ bí oníṣòwò. Kànga kan ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania lè gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 15 lítà omi. Tí tánkà omi kan bá ń gbé 10,000 lítà, ìrìn 1,500 nìyẹn fún kànga kan ṣoṣo, lójú ọ̀nà abúlé. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sì jẹ́ tánkà 15 tó kún fún kẹ́míkà. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré lẹ́nu. Ẹ wò ó nínú tánkà.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti àná. Ọdún 1947 ni wọ́n kọ́kọ́ dán an wò ní Kansas, tó fi di 1949 wọ́n ti ń fi ṣòwò ní Oklahoma àti Texas. Ṣùgbọ́n àwọn kànga tó ń jáde díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi ń ràn lọ́wọ́. Ẹni tó fi í wọ inú amọ̀ líle náà ni George Mitchell, ará Texas, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ darandaran ewúrẹ́ ní Gíríìsì kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ Amẹ́ríkà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 síwájú, ó ń náwó sórí àpáta kan tí wọ́n ń pè ní Barnett, àwọn tirẹ̀ pàápàá ń sọ fún un pé owó ló ń dà sínú ihò. Ó tó nǹkan bí ọdún 17 kí àwọn ẹnjiníà rẹ̀ tó rí i, ní 1998, pé omi lásán tí kẹ́míkà rẹ̀ kò pọ̀ ń ṣiṣẹ́ ju àdàlù ọlọ́wọ̀n-ín tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ lọ. Ní 2002 ó ta ilé iṣẹ́ rẹ̀ ju bílíọ̀nù 3 dọ́là lọ. Ibẹ̀ ni gbogbo ayé ti là lójú.

Ká má purọ́, èrè wà ńbẹ̀. Gáàsì tí ìwọ̀n rẹ̀ kan ju 13 dọ́là lọ ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 2008, kò tó 2 dọ́là mọ́ ní oṣù Kẹrin 2012. Owó iná ilé dín, àwọn ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ àti ike tí wọ́n ti fẹ́ kógbá wọlé tún ṣí. Wọ́n pa púpọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ iná mànàmáná tó ń sun èédú tì, èéfín tó ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́ sì dín kù níbi tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ á rán wa létí pé gáàsì tó bá jò kó tó dé ibi tí wọ́n ti ń sun ún ń mú ayé gbóná ju èéfín lọ, nítorí náà èrè yẹn kò mọ́ tán. Òótọ́ lọ̀rọ̀ wọn.

Nípa ti àwọn onílẹ̀, òfin Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí tiwa púpọ̀. Níbẹ̀, ẹni tó ni ilẹ̀ ló sábà máa ń ni ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, àyàfi bí ẹnì kan bá ti tà á nígbà kan rí. Àgbẹ̀ tó ń fún wàrà màlúù ní Pennsylvania, tí gbèsè báńkì ti fẹ́ gba oko lọ́wọ́ rẹ̀, á ṣàdédé rí aṣojú ilé iṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé àdéhùn: owó ìbuwọ́lùwé lórí ékà kọ̀ọ̀kan, àti ìpín nínú gáàsì tó bá jáde. Òfin ìpínlẹ̀ náà láti 1979 ni pé ìpín onílẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ọ̀pọ̀ fi owó yẹn san gbèsè, wọ́n tún ilé kọ́, wọ́n rán ọmọ lọ sí yunifásítì. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn rí i nígbà tí owó dé pé ilé iṣẹ́ ti yọ owó páìpù àti owó ìfọ̀mọ́ gáàsì kúrò nínú ìpín wọn, tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ìpínlẹ̀ náà sì sọ ní 2010 pé wọ́n lè yọ ọ́. Ìwé tí wọ́n buwọ́ lù kò sọ ohun tí wọ́n rò pé ó sọ. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ní kí akọ̀wé kàn fi ibi tí ẹ ó tẹ̀ka sí hàn yín, ẹ̀yin là ń bá wí o.

Oníṣòwò náà rí tirẹ̀ jẹ. Ní ìlú Williston ní North Dakota, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ àpáta nítorí epo, àwọn ènìyàn ya wọ̀lú láti gbogbo ibi. Olóúnjẹ, onílé, mẹkáníìkì, gbogbo wọn ń rówó. Lọ́dún 2014, owó ilé oníyàrá kan níbẹ̀ ju ti New York lọ. Ó dára fún onílé. Olùkọ́ tó ń gba owó oṣù rẹ̀ àtijọ́ ńkọ́? Arúgbó tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì? Nígbà tí epo sì já wálẹ̀ ní 2015, àwọn òṣìṣẹ́ kó ẹrù wọn, ilé ṣófo, àwọn tó fi owó báńkì kọ́ ilé wá ń wo ògiri. Ohun kan tí a yìn ní North Dakota ni pé aráàlú dìbò ní 2010 pé 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó orí epo àti gáàsì gbọ́dọ̀ wọ àpò ìpamọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn títí di 2017. Àjẹṣẹ́kù gidi nìyẹn. Ì bá ṣe pé gbogbo ìjọba ló ń ṣe bí ẹgbẹ́ wa!

Ó yá, ká wá bọ́ sórí símẹ́ńtì. Abúlé kan wà ní Pennsylvania tó ń jẹ́ Dimock, omi kànga ni wọ́n ń mu níbẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 2009, kànga ilé kan bú gbàù, ó fọ́ ọmọrí símẹ́ńtì tó wà lórí rẹ̀. Gáàsì ló ti kó sínú rẹ̀. Àwọn alábòójútó ìpínlẹ̀ yẹ ọ̀ràn náà wò, wọ́n sì sọ pé kànga gáàsì ilé iṣẹ́ Cabot, tí wọn kò ṣe dáadáa, ló jẹ́ kí gáàsì rìn wọ inú omi ilé 18. Ẹ wò ó dáadáa: kì í ṣe àpáta tí wọ́n fọ́ nísàlẹ̀ ni gáàsì gbà wá, nítorí ó jìn sí omi mímu púpọ̀. Ẹ̀gbẹ́ páìpù ló gbà gòkè, níbi tí símẹ́ńtì kò ti dì. Ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ fi lè sọ pé fífọ́ àpáta kò ba omi jẹ́, tí ẹni tó ń mu omi náà sì lè sọ pé ó bà á jẹ́, tí kò sì sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Ọdún 2022, lẹ́yìn ọdún 13, ni ilé iṣẹ́ tó jogún Cabot tó kọ̀ láti bá ìjọba jiyàn mọ́ lórí ẹ̀sùn náà, tó sì gbà láti san ju mílíọ̀nù 16 dọ́là lọ kí wọ́n fi fa omi ẹ̀rọ wọ Dimock. Ọdún 13! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí kànga bú ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama.

Omi tí wọ́n tì wọlé náà kì í dúró síbẹ̀ tán. Apá kan rẹ̀ á padà wá sókè, á sì ti kó iyọ̀ àti àwọn nǹkan olóró mìíràn bọ̀ láti inú àpáta. Ibo la ó dà á sí? Ní Pennsylvania, inú ilé ìfọmi àwọn ìlú kéékèèké ni wọ́n ń dà á sí, bẹ́ẹ̀ àwọn ilé ìfọmi wọ̀nyí kò lè yọ iyọ̀ náà kó tó wọ odò. Ní 2011 ni ìjọba ní kí wọ́n ṣíwọ́. Ní Oklahoma, wọ́n ń tì í padà sínú ilẹ̀ jíjìn, òun àti omi iyọ̀ tó ń bá epo jáde. Kí ló tẹ̀lé e? Kó tó di 2009, ìmìtìtì ilẹ̀ tó ju ìwọ̀n 3 lọ kì í ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́dún ní Oklahoma. Ní 2015 ó tó nǹkan bí 900. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹsàn-án 2016, ọ̀kan tó jẹ́ ìwọ̀n 5.8 mi ìlú Pawnee, ó sì ba àwọn ilé jẹ́. Nígbà tí ìjọba pàṣẹ pé kí wọ́n dín omi tí wọ́n ń tì sílẹ̀ kù, ìmìtìtì náà dín kù. Bí ohun kan bá dín kù nígbà tí a dá ọwọ́ dúró, a ti mọ ẹni tó ń lu ìlù.

Nípa ìlera, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Currie, Greenstone àti Meckel, wo àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ tó ju mílíọ̀nù kan lọ tí wọ́n bí ní Pennsylvania láàárín 2004 àti 2013, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017. Ìyá tó ń gbé láàárín kìlómítà kan sí kànga tí wọ́n fọ́, ewu pé kó bí ọmọ tí kò tó ìwọ̀n fi 25 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọn kò rí irú rẹ̀ lára àwọn tó ń gbé ju kìlómítà mẹ́ta lọ. Èyí ni kókó gbogbo ọ̀rọ̀ yìí lójú wa. Ẹni tí owó iná rẹ̀ dín kù ń gbé ní ìlú ńlá, ó jìnnà réré. Ẹni tí oyún rẹ̀ wà nínú ewu ń gbé lẹ́bàá kànga. Èrè náà fọ́n ká, gbèsè náà jókòó sí ojú kan.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé, ọ̀rọ̀ náà gba ibòmíràn lọ. Níbẹ̀, ìjọba ló ni epo àti gáàsì abẹ́ ilẹ̀, bíi tiwa níbí. Ilẹ̀ mì lẹ́ẹ̀mejì nítòsí Blackpool ní Lancashire lọ́dún 2011 lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ Cuadrilla fọ́ àpáta. Àwọn ilé iṣẹ́ náà wá ṣe ìlérí 100,000 pọ́n-ùn fún àwọn ará àdúgbò lórí ibi kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ti fọ́ àpáta, àti ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó bá wọlé. Nígbà tí wọ́n pín in, àwọn ilé tó sún mọ́ ọn jù gba nǹkan bí 2,000 pọ́n-ùn lẹ́ẹ̀kan. Ìgbìmọ̀ agbègbè náà ti kọ̀ ní 2015. Mínísítà ní London ló yí ìpinnu wọn padà ní 2016. Wọ́n padà fọ́ àpáta ní 2018, ilẹ̀ sì tún mì ní oṣù Kẹjọ 2019 ní ìwọ̀n 2.9. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà ìjọba dá a dúró. Ní oṣù Kẹsàn-án 2022 ìjọba Liz Truss ní kó tún bẹ̀rẹ̀, oṣù tó tẹ̀lé e Rishi Sunak tún fòfin dè é. Àwọn kan ń bínú sí àwọn ará Lancashire pé wọ́n jẹ́ agídí. Àwa kò bínú sí wọn. Ẹni tí wọ́n bá ní kó gba ewu, tí ìpín rẹ̀ kò sì tó nǹkan, ṣé ó ṣe àìdáa tó bá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ronú ná?

Ẹnì kan lè sọ pé ọ̀nà jíjìn lọ̀rọ̀ yìí. Kò jìn. Ní Agbabu, ní ìpínlẹ̀ Ondo, bitumen ń sun láti inú ilẹ̀, ìyẹn ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń ṣe títì. Nǹkan bí ọdún 1910 ni wọ́n ti gbẹ́ kànga rẹ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀ tó ní in lọ bí igbá ọ̀sán láti Edo gba Ondo àti Ogun dé etí Èkó. Bitumen kì í ṣe gáàsì inú àpáta, wọn kì í fọ́ àpáta kí wọ́n tó kó o. Wọ́n ń wú u níbi tí kò bá jìn, wọ́n sì ń fi ooru omi yọ́ ọ níbi tó bá jìn, bí wọ́n ti ń ṣe ní Kánádà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni: omi mélòó, ibo ni wọ́n ó da ìdọ̀tí rẹ̀ sí, kànga ta ló wà nítòsí, ta ni ó sì gbowó? Bákan náà ni pẹ̀lú àwọn tó ń fọ́ òkúta lásán nítorí ilé kíkọ́, èyí tó wà káàkiri ilẹ̀ wa.

Níbi ìgbowó, ẹ má fi ti Pennsylvania tan ara yín. Òfin ilẹ̀ wa, ti ọdún 1999, fi ohun àlùmọ́nì abẹ́ ilẹ̀ fún ìjọba àpapọ̀. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 sì jẹ́ kí àgbẹ̀ gba owó irè oko àti ilé tó wà lórí ilẹ̀, kì í ṣe owó ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ tí nǹkan náà ti jáde ń gba ó kéré tán 13 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé, àmọ́ ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń bọ́ sí. Ohun tó kù fún abúlé ni àdéhùn. Òfin ohun àlùmọ́nì ti 2007 sọ pé ẹni tó gba ìwé àṣẹ láti wú nǹkan gbọ́dọ̀ bá ìlú ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kó sì ṣe àyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ náà máa fi ojú àyíká rí. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbọ́? Lẹ́yìn tí katapílà bá ti wọ oko, ọ̀rọ̀ á di ẹ̀bẹ̀.

A ní ohun méjì láti bẹ̀ yín lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ní ilẹ̀ ìdílé tàbí kànga nítòsí ibi tí wọ́n ti ń wọn ilẹ̀, kó bu omi kànga náà lọ fún àyẹ̀wò nísinsìnyí, kó sì tọ́jú ìwé èsì rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i. Ní Pennsylvania, bí omi bá bàjẹ́ láàárín ọdún kan ní ibi tó sún mọ́ kànga gáàsì, ilé iṣẹ́ ni òfin ń dì í rù, àyàfi tó bá fi ẹ̀rí hàn pé kì í ṣe òun. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ni ẹ̀rí tó tóbi jù. Níbí, ìwọ ni ó fi ẹ̀rí hàn, nítorí náà ìwé yẹn ṣe pàtàkì fún wa jù wọ́n lọ.

Èkejì, ìwé àdéhùn kankan tí wọ́n bá gbé wá, ì báà jẹ́ fún òkúta, yẹ̀pẹ̀ tàbí bitumen, ẹ má tẹ̀ka sí i lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé. Ẹ mú un wá sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́bọ̀, láti agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ sí agogo méjì ọ̀sán. A ó kà á fún yín ní Yorùbá láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìgbìmọ̀ sì ti fọwọ́ sí i pé ká gba lọ́yà kan lórí owó ẹgbẹ́ fún èyí tó bá lágbára ju òye wa lọ. Ẹni tó bá sọ pé ọjà ń lọ, àfi kí ẹ tẹ̀ka lónìí, ẹ sọ fún un pé akọ̀wé ẹgbẹ́ yín ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.